Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Gba Ọwọ́ Mi

Àlàájì Múfútáù kò tíì ṣí fìlà tó fi kírun òwúrọ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn mi. Mo ti wọ bàtà dè é. Ọ̀nà tí a fẹ́ rìn kò jìn: láti Ìjù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifákọ̀-Ìjàyè tí mò ń gbé, gba Agége kọjá, dé Agídìngbì ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin ará ilé ní Èkìtì, tí ẹ máa ń fẹsẹ̀ rin èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ sí oko, lè rẹ́rìn-ín pé mo pe èyí ní ìrìn àjò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Orúkọ mi ni mo fẹ́ lọ gbà bọ̀, n kò sì mọ ìrìn àjò tó gùn jù ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ mi ṣe dé Agídìngbì. Ọkọ mi ra ọkọ̀ kékeré kan nígbà tó fẹ̀yìn tì, tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ti ń bá a pín epo ṣùgbọ́n tí kò kúkú jẹ́ ọkọ̀ òde òní. Nígbà tí a sin ín tán, àbúrò rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi níwájú ẹbí. Akọ̀wé ni mò ń pe àbúrò yìí, nítorí ọmọ ilé-ìwé ni nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìyàwó kì í sì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ti di àgbà ìjọ Aláàdúrà báyìí. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ títí àwọn iná kéékèèké iwájú fi tàn, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà rẹ̀ kì í kúrú. Nígbà tó ṣe "Àmín", ó yí kọ́kọ́rọ́ dé òpin, ọkọ̀ sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó pa á, nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí èmi náà gbìyànjú. Mo jókòó, mo yí i. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, bí ẹni tó ń wúkọ́ tí kò rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu. Ó pẹ́ kó tó jí. Akọ̀wé wá yíjú sí ẹbí, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ọkọ̀ Bùọ̀dá mọ ọwọ́. Kò gba ọwọ́ ìyàwó wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà wà lára àwọn tó ń ka èyí. Mo mọ̀ yín, mo sì mọ aṣọ tí ẹ wọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu wọn. Bí mo bá pẹ́ dé ìpàdé ẹbí, ọkọ̀ kò gba ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí mo bá ní ara mi kò yá, wọ́n á ní ṣé kò rí i pé olóògbé ń bínú. Ọkọ̀ náà kò sì ràn mí lọ́wọ́, ó ń burú sí i. Nígbà tó yá, Akọ̀wé pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú awakọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ó ní. "Ohun tí kò bá gbà yín, ẹ fi sílẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ máa bọ̀. Bí ẹ bá dé tí kò bá jí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé e lọ. N kò ní janpata."

Sátidé náà ni mò ń sọ yìí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni mo fi ń lọ kí ẹni tó bá wù mí lásìkò tó bá wù mí. Bí wọ́n bá gbé e lọ, màá di ẹrù tí ẹlòmíràn ń gbé kiri, tí wọ́n á máa wo aago lé lórí.

Kì í ṣe pé n kò tíì wá ìwòsàn fún un. Mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa ti ta bátìrì tuntun fún mi. Rìwáyà, bí a ṣe ń pe àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Èkó, ti pààrọ̀ kíkì-sítátà, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń yí ẹ̀rọ ńlá kó lè jí. Físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé bí ẹ̀rọ bá ń yí kíkankíkan, iná kọ́ ló kù ú kù, kó wá ibòmíràn wò. Ó ní, "Màámá, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú púlọ́ọ̀gì ná." Gbìyànjú! Bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn, owó mi ni wọ́n sì fi ń ṣe àtùpà.

Àlàájì yìí, aládùúgbò mi tó ti jẹ́ awakọ̀ ilé-iṣẹ́ rí, ló gbà mí. Ó ní, "A ó lọ bá Ìyá Nọ́sù."

"Nọ́ọ̀sì?" mo ní. "Ṣé ibà ló ń ṣe ọkọ̀ mi ni?"

Ó fọwọ́ lu itan. "Nọ́sù, Màámá, nọ́sù! Èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ̀rọ. Obìnrin náà mọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń mu àti bó ṣe ń mu ún."

Nítorí náà ni ó ṣe jókòó sí ipò awakọ̀ lówúrọ̀ yẹn, tí èmi sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ó ní "Bísímílàhì", ó ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lábẹ́ ohùn, lẹ́yìn náà ó ṣíná. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan.

"Màámá, ẹ rí i, ó jí!"

"Mo rí i," mo ní. "Ó máa ń jí fún àwọn ọkùnrin."

A gba Fágbà, níbi tí ojú irin ti ré títì kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ń yára kọjá lórí irin, oúnjẹ wọn wà nínú ọ̀rá. Ní ilé, ẹni tó bá ń yára báyìí láàárọ̀, a ó bi í ẹni tó kú. Ní Agége, a dúró ra búrẹ́dì níwájú ilé àwọn tó ń yan án. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ìṣù kan, ó ṣì gbóná débi pé ọ̀rá rẹ̀ ń làágùn. Àwọn ará Èkìtì tó máa ń ní kí n mú búrẹ́dì Agége bọ̀ wá sílé kò jẹ ẹ́ rí ní òótọ́, nítorí kí ó tó dé Àkúrẹ́ ló ti di nǹkan mìíràn. A gun afárá Pen Sínímà, tí òrùlé Agége tẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀ bíi pákó tí wọ́n sá, a sì sọ̀ sí ọ̀nà Ògbà.

Láti Ògbà lọ, ọ̀nà di ti ilé-iṣẹ́: ògiri gígùn, géètì onírin, ọkọ̀ àjàgbé tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn awakọ̀ wọn sùn sábẹ́ wọn. Ní ilé, òórùn ni a fi ń mọ ohun tí aládùúgbò ń sè. Níhìn-ín, òun ni a fi ń mọ ilé-iṣẹ́. Bisikíìtì ni a kọ́kọ́ gbóòórùn, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà ohun kan bíi rọ́bà tó jóná tí Àlàájì ní kí n má bi òun.

Ọgbà mẹkáníìkì náà wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ògiri yẹn. Ìyá Nọ́sù jẹ́ obìnrin tó sanra, tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó fi gèlè ṣe ọ̀ṣọ́ sí i bí ẹni ń lọ sóde. Ohùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó rí i.

"Àlàájì! Ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo wà o. Ẹ̀yin ni ẹ tún sanra sí i."

"Owó yín ni mò ń jẹ, kí n má sanra?" Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún mi. "Màámá, ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló ń ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ń yí dáadáa, kì í sì í tètè jí. Bí ó bá ti jí, kò sí wàhálà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé bátìrì ni."

"Èmi? Ṣé mo jọ ẹni tó ń ta bátìrì?"

Ó so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó wò ó, ó ní kọ̀ǹpútà ní ara ọkọ̀ le koko. Ó ní kí a pa ẹ̀rọ kó sinmi díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí Àlàájì ṣíná. Bísímílàhì, ọkọ̀ jí.

"Màámá, ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn o."

"Ẹ pa á, kí ẹ fún un ní ìsinmi," mo ní. "Kí èmi náà wá jókòó síbẹ̀."

Mo jókòó, mo yí i. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí pariwo pé, "Ọkọ̀ yìí ò mà fẹ́ràn Màámá o!" Gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, Ìyá Nọ́sù náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ti rìn láti Èkìtì wá bá mi ní Agídìngbì láìwọ ọkọ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sọ kọ́kọ́rọ́ lu ilẹ̀.

Ìyá Nọ́sù ni ẹ̀rín rẹ̀ kọ́kọ́ tán. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹni méjì kì í yàtọ̀ síra wọn báyìí lórí ọkọ̀ kan." Ó wọlé lọ mú géèjì wá, aago kan tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀nà epo lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì láti mọ bí epo ṣe ń tì tó. Ó so ó, ó pè mí kí n wá wò ó pẹ̀lú òun. Abẹ́rẹ́ aago náà sùn sí òdo. "Àlàájì, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Àlàájì yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Nǹkan kan kùn lẹ́yìn ọkọ̀ bí oyin, abẹ́rẹ́ sì fò sókè. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ ti gòkè tán ni àdúà tó parí, tí Àlàájì sì ṣíná. Nígbà tí ó pa á, abẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú wa, kò dúró títí ó fi sùn padà. Ìyá Nọ́sù ní kí n lọ ṣe tèmi. Èmi kì í dúró: mo yí kọ́kọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ tó kígbe láti iwájú pé, "Ó ṣì wà ní òdo! Ẹ̀ ń yí i, kò sì tíì sí epo!"

Mo jáde. "Àlàájì," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíná sí i láìṣàdúrà."

"Láìṣe kí ni?"

"Láìṣàdúrà. Ẹ kàn yí i dé òpin."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ra sílẹ̀ lójú títì. "Màámá, láti ọjọ́ tí mo ti gba láísẹ́ǹsì, mi ò tíì wa ọkọ̀ láìpe Ọlọ́run. Orí ọkọ̀ yín kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa. Èmi ni yóò ṣe àdúrà nígbà náà." Mo padà sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ títí iná fi tàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa sókè ketekete. Mo dé ibi oúnjẹ òòjọ́, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo ṣíná. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́ mi.

"Àmín!" ni gbogbo ọgbà náà dáhùn.

"Ó ti di ọmọ ìjọ!" Ìyá Nọ́sù ń fò. "Màámá ti sọ ọ́ di ọmọ ìjọ!"

Mo pa ẹ̀rọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ti fi àdúrà Akọ̀wé pa mí lẹ́nu mọ́, ohun tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú àdúrà náà fún ọkọ̀ yẹn ni gígùn rẹ̀.

Ìyá Nọ́sù ṣàlàyé rẹ̀, mo sì ń bá a parí gbólóhùn. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ títí iná fi tàn, póńpù tó wà nínú táńkì á ti epo lọ síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, á sì dúró dè wá. Bí ọkọ̀ bá pé, epo tí ó tì kì í padà. Á dúró sínú ọ̀nà rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kánjúkánjú awakọ̀ kò sì ní ṣe é ní nǹkan. Tèmi ń padà. Ẹni tó bá dúró díẹ̀, bóyá àdúrà ló ń gbà tàbí imú ló ń fọn, á bá epo lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá kánjú, á máa yí ẹ̀rọ lórí òfìfo.

"Ṣùgbọ́n ibo ló ń gbà padà?" mo ní. "Ẹ má gbìyànjú fún mi o."

"Màámá, èmi kì í gbìyànjú. Mo máa ń wádìí." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Ó ní ibi mẹ́rin ni epo lè gbà sá. Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, wọ́n gbẹ, nítorí náà àwọn nọ́sù kò jo sínú ẹ̀rọ. Ó yọ okùn rọ́bà kékeré tó so mọ́ ohun tó ń dín epo tó bá pọ̀ jù kù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Kò sí epo níbẹ̀. Ó fi ẹ̀mú dí ọ̀nà tí epo ń gbà padà sí táńkì, abẹ́rẹ́ ṣì ń sọ̀. Ó wá dí ọ̀nà tí epo ń gbà wá láti inú táńkì lẹ́yìn tí póńpù ti tì í tán. Abẹ́rẹ́ dúró. A jọ ń wò ó, mi ò ṣẹ́jú, kò sì mì.

"Póńpù ni," ó ní. "Ó ń tì dáadáa, fáàfù ẹnu rẹ̀ ni kò pa dé mọ́. Bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, tí atẹ́gùn ń ṣí."

Ó ká àga ẹ̀yìn kúrò, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu táńkì wà. Kóró àgbàlùmọ̀ ni a kó níbẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo mọ olóògbé tó máa ń jẹ ẹ́. Póńpù tuntun wọlé, ó ní kí a lọ jẹun, kí ọkọ̀ náà sinmi pẹ̀lú géèjì lára rẹ̀. A fi búrẹ́dì Agége jẹ ẹ̀wà àgànyìn lọ́dọ̀ obìnrin kan létí ògiri ilé-iṣẹ́. Ata dídín yẹn dúdú, ó sì ta. Ní Èkìtì a ó ní ó ti jóná. Nígbà tí a padà, abẹ́rẹ́ ṣì wà níbi tí a fi í sí. Mo di Ìyá Nọ́sù mú, mo gbá a mọ́ra, epo ẹ̀rọ inú aṣọ rẹ̀ kùn mí láyà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi tí ó fi ní, "Màámá, ó tó, ẹ ó mú mi sunkún níwájú àwọn tó ń bẹ̀rù mi."

Ó ní kí n lọ dán an wò níbi tí ọ̀nà bá ti dákẹ́. Èmi ni mo wà á. A wọ inú GRA Ìkẹjà, lábẹ́ àwọn igi ńlá, níwájú àwọn ilé tí ènìyàn kì í rí olówó wọn, àfi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mò ń dúró, mò ń pa á, mò ń sinmi díẹ̀, mò ń ṣíná, láìsí àdúrà kankan, láìdúró. Ó ń jí, ó ń jí. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré jáde.

"Màámá, ọkọ̀ bàjẹ́ ni? Ká bá yín tì í?"

"Kò bàjẹ́, ọmọ mi," mo ní. "Ó yá ni."

Àlàájì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gba gbogbo àdúà tí èmi kò gbà.

Nígbà tí a dé Ìjù, Akọ̀wé ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé pẹ̀lú awakọ̀ tó mú wá. Àlàájì dágbére lọ́gán, ó mọ ìgbà tí ẹbí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo pa ẹ̀rọ. Mo kí Akọ̀wé bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí, mo bun ún lómi. Lẹ́yìn tó mu ún tán, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí kí Akọ̀wé tó gbé ife kalẹ̀.

Ó dìde. Ó ní kí n pa á, kí n tún un ṣe. Ó jí. Ó ní kí òun náà wò ó. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ gbàdúrà tán kí ẹ tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́." Ó gbàdúrà ní ìta, ó pẹ́, ó dárúkọ mi nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbùkún. Ó wọnú ọkọ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ó jí.

"Ó gba ọwọ́ àwa méjèèjì," ó ní.

"Kò kọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí, Akọ̀wé." Mo sọ ohun gbogbo fún un, póńpù, fáàfù, abẹ́rẹ́ tó ń sùn. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ gbígbóná jọ fún un láti Agídìngbì wá, wọ́n sì ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé ó fọ́nnu pé òun ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ yìí, ǹjẹ́ ǹ bá lọ? N bá ṣì máa ra bátìrì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya èmi pàápàá lẹ́nu. Ohun tí ìrìn àjò yìí sì kọ́ mi nìyẹn: kí n tó gbà pé nǹkan kọ̀ mí, kí n kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tí kò kọ̀ ń ṣe.

Ó wo àwọn iná kéékèèké iwájú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bùọ̀dá ńkọ́? Ó máa ń jí fún Bùọ̀dá, Bùọ̀dá kì í sì í gbàdúrà nínú ọkọ̀."

"Bí ó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ tí iná tàn," mo ní, "ìgbà yẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì ojú rẹ̀."

Akọ̀wé wò mí. "Èyí tó máa ń wà lórí rẹ̀?"

"Òun náà."

Ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Awakọ̀ tó mú wá ń wò wá, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A nu ojú, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dákẹ́, ó jáde, ó sọ fún awakọ̀ náà pé kó máa lọ sí ibùdókọ̀, òun kò ní nílò rẹ̀ mọ́.

"Ẹ máa wà á, ìyàwó wa," ó ní. "Ẹ pa á ná, epo wọ́n."

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú títí di òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò pa ọkọ̀ yẹn rí kí àyà mi má já pé bóyá kò ní jí fún mi mọ́. Mo na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, mo pa á, a sì wọlé lọ jẹun.